Ẹfinrin Tí Ó Gbọ́dọ̀ Dúró De Ọmọ

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá ọdún 1988, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ kan láti Èjìgbò gbé agbọ̀n kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé tí à ń gbé ní Tireṣífíìlì, ní ìlú Àbíjàn. Ohun méjì ló wà nínú agbọ̀n náà: ìdì ẹfinrin kan, àti kásẹ́ẹ̀tì kan tí a fi aṣọ yí. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti kúrò nílé. Oyún inú mi, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́, ti lé ní oṣù mẹ́jọ. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ọjọ́ àti ìṣẹ̀lẹ̀ sí, àṣà tó kù mọ́ mi lára láti ìgbà tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Masifa, lẹ́bàá Èjìgbò. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, inú rẹ̀ ni mo sì ti mú ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín.

Awakọ̀ náà nu ọrùn, ó ní, "Ìyàwó, gba ẹrù rẹ o. Láti Èjìgbò títí dé ibí ni àwọn èrò ọkọ̀ ti ń bi mí bóyá ọbẹ̀ ni mo ń sè lábẹ́ àga. Ìyá rẹ ní n kò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan lé e lórí. Mo ní, ẹ̀yin ìyá yìí, ṣé ẹyin ni àbí ewé?"

"Kí ni wọ́n wá wí?"

"Wọ́n ní ẹyin wà ní gbogbo ọjà ayé."

Ìdí tí ewé fi rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta kò ṣòroó yé ẹni tó bá mọ àṣà ilé wa. Bí ọmọbìnrin bá bí àkọ́bí, ìyá rẹ̀ ní í wá wẹ ọmọ náà, òun náà ní í sì í se ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tí abiyamọ yóò fi kan ẹnu: ọbẹ̀ ata tí ó gbóná, tí omi rẹ̀ pọ̀, tí a ya ẹfinrin tútù sí nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí a sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ìyá ni ẹfinrin náà gbọ́dọ̀ ti wá. Ìyá àgbà ló se é fún ìyá mi nígbà tí wọ́n bí mi, láti ibi igbó ẹfinrin kan náà tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa títí di òní. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mò ń wí yìí, ìyá àgbà ti dùbúlẹ̀, kò lè dá ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ yí padà, ìyá mi nìkan ló sì ń gbé e dìde tó ń tẹ́ ẹ. Kò lè wá sí Àbíjàn. Ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ sí mi lóṣù tó ṣáájú kò gùn: "Bí ọwọ́ mi kò bá tó ọ, ewé mi yóò tó ọ."

Ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà náà kì í lọ lójoojúmọ́. Èyí tó rí ni ó fi rán an. Bẹ́ẹ̀ ni ewé ṣe dé, tí ọmọ kò tíì dé. Èyí ni iṣẹ́ tó já lé mi lọ́wọ́: kí n mú kí ìdì ẹfinrin kan wà ní tútù di ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

*

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Àbíjàn kì í ṣe afárá gígùn tó wà lórí ọ̀sà, kì í sì í ṣe ilé gogoro. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé n kò lè kàwé mọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìwé kíkà. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo dúró níwájú ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kọ sára ògiri lẹ́bàá ọjà. Mo dá lẹ́tà rẹ̀ mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì mọ ohun tó wí. Tàǹtí, tí kò wọ ilé ìwé rí, ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ̀ síbí. Tíṣà, ṣé ó ti yé ọ báyìí?"

Tàǹtí ni gbogbo ilé ń pè é, bí wọ́n ti ń pe obìnrin tó bá tó ìyá ẹni ní ìlú yẹn. Àbúrò bàbá ọkọ mi lóbìnrin ni, ó sì ti lo ọdún méjìlélógún níbẹ̀. Ewé tútù ló ń tà: pẹ́síìlì, tí àwọn òyìnbó Faransé ń rẹ́ sórí oúnjẹ; ewé àlùbọ́sà; àti máńtì, tí àwọn ará Moriténíà ń fi sínú tíì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dé.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá dúró ti ọjà, mo ṣe ohun tí gbogbo aléwé ní Èjìgbò ń ṣe: mo bu omi sínú igbá, mo ń wọ́n ọn sórí pẹ́síìlì bí oòrùn ti ń mú. Ó dára lójú. Mo kó èyí tó ṣẹ́kù sínú ọ̀rá, mo so ẹnu rẹ̀ pinpin. Nígbà tí a tú u lọ́jọ́ kejì, òórùn rẹ̀ lé wa sẹ́yìn.

Tàǹtí wò mí, ó mọ̀ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. "Ta ló ní kí o ṣe ìrìbọmi fún un?"

Ó wá kọ́ mi. Pẹ́síìlì kò gbọdọ̀ rí omi kí ó tó wọ fírígò, bí wọ́n ti ń pe ẹ̀rọ amúǹkan-tutù lọ́hùn-ún. A ó gé ìdí rẹ̀, a ó yọ ewé tó bá ti pọ́n, nítorí ọ̀kan tó pọ́n yóò sọ méje di pupa. A ó rẹ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, a ó fún un títí kò fi ní kán mọ́, a ó fi wé ewé náà láìfún un mọ́ra. Ọ̀rá tí a ó fi bò ó, a ó dá a lu níbi mẹ́ta, kí ó lè mí. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, tí òtútù náà sì pọ̀ tó, yóò lo ọjọ́ mẹ́jọ láìyí padà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi pẹ̀lú nọ́ńbà. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹfà, àwọn oníbàárà kan kì í ra pẹ́síìlì bí kò bá jẹ́ èyí tí èmi dì. Wọ́n ń bèèrè ti Ànàgó kékeré. Ìṣẹ́gun kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni àkọ́kọ́ tí mo ní ní ìlú yẹn, mo sì gbà pé fírígò ló fún mi. Mo gbà á gbọ́ bí ẹni gba ẹ̀sìn tuntun gbọ́.

Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo wa níbẹ̀, bí a ti Èjìgbò wá, bí a ti ìlú Ará tàbí ibòmíràn wá. N kò mọ orúkọ yẹn mọ́ ara mi rí kí n tó kúrò nílé. Ní Èjìgbò ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá ti Àbíjàn dé, tó sì ṣèèṣì fi "mẹẹsí" dúpẹ́ omi tí a bù fún un, wọ́n á ní Faransé ti dé. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi tí mo parí rẹ̀ sí kò jìnnà: orúkọ tí a ń pe àlejò, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ ọ́. Ibi tí ó ti wá ni wọ́n fi ń pè é. Kò sí ẹni tí ń fi ibi tí ó wà pè é.

*

Tàǹtí ti nawọ́ sí ìdì ẹfinrin kí awakọ̀ tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Gbé e wọ fírígò kíá. Ọjọ́ mẹ́ta nínú ooru!"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n wí, Tàǹtí."

"Gbọ́ ọ. Ta ló ní o má gbọ́ ọ? Ṣùgbọ́n ewé kì í dúró de kásẹ́ẹ̀tì."

Mo yẹ ìdì náà wò kí n tó gbé e wọlé. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìyá mi fi wé e, ó fi àkísà tó rin wé ìdí igi rẹ̀ nìkan, ó sì fi ẹnu òkè sílẹ̀ láìbò. Igi mẹ́rìnlá ni. Díẹ̀ nínú ewé rẹ̀ ti rọ, ṣùgbọ́n ó tutù, ó sì ń ta sánsán. Mo tú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò, mo ṣe é bí mo ti ń ṣe pẹ́síìlì láìfi ọ̀kan sílẹ̀: aṣọ tí mo fún, ọ̀rá tí mo dá lu. Mo gbé e sí ibi tí òtútù pọ̀ sí jù, ní ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti ń di yìnyín, nítorí pé ohun tó bá ṣọ̀wọ́n là ń gbé síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà a jókòó ti kásẹ́ẹ̀tì. Ọkọ mi ń tún rédíò ṣe, ó sì ti mú ẹ̀rọ kan wá láti ṣọ́ọ̀bù fún un. Ìyá mi kì í sọ ọ̀rọ̀ láìkí ènìyàn tán. Ó kí ọkọ mi. Ó kí bàbá ọkọ mi tó wà ní Èjìgbò, tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ rí ara wọn láàárọ̀ ọjọ́ tó ń sọ̀rọ̀. Ó kí Tàǹtí pẹ̀lú oríkì, ó kí orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó kí ọjà rẹ̀, ó kí àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó kí onílé wa. Ó kí oyún inú mi bí ẹni ń kí àlejò tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ibi tó ti ń kí ìyàwó onílé ni ẹ̀rọ ti dún kàú, ó dúró.

Tàǹtí nu ojú. "Ìyá yìí mọ ènìyàn í kí. Ó tán."

Ọkọ mi yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó gbé ẹ̀rọ náà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn èyí tí ìyá mi ti fi ránṣẹ́ ṣáájú, ojú kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ máa ń wà. Kò sí ẹni tó ronú kan ojú kejì. Èmi tí mo máa ń sọ fún kíláàsì mi pé, "Ẹ yí ojú ìwé padà, ìbéèrè ṣì wà lẹ́yìn," n kò yí i padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ṣí ọ̀rá náà láti wo bí ó ti wà. Ẹfinrin náà ti dúdú. Kì í ṣe pé ó rọ, kì í sì í ṣe pé ó rà; ó dúdú láti ẹnu dé ìdí bí ewé tí a sè mọ́jú, ó sì lẹ̀ mọ́ aṣọ tí mo fi wé e. Mo fi ọwọ́ kan ọ̀kan, ó dà sí mi lọ́wọ́.

Tàǹtí dúró lẹ́yìn mi. "Bóyá ojú ọ̀nà ló ti bàjẹ́."

"Ẹ rí i lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Tàǹtí."

"Mo rí i." Ó ká apá rẹ̀ méjèèjì. "Ẹfinrin wà ní ọjà Àjàmé. Bí ó bá tó àkókò, n ó ra ìdì mẹ́ta. Ta ni yóò mọ̀?"

"Ẹni tó fi í ránṣẹ́."

"Èyí tó wà ní Èjìgbò? Ojú rẹ̀ mà ríran o!"

Òótọ́ ni pé ẹfinrin wà ní Àjàmé. Mo ti rà á rí, mo sì ti fi í wé tiwa. Igi kan náà ni, ewé wọn kò yàtọ̀ sí ojú. Òórùn ló yàtọ̀: ti Àjàmé jọ ti kànáfùrù, ó dùn, ó sì wúwo, ti ẹ̀yìnkùlé wa ń ta ni nímú, ó sì ń la àyà bí àgbo tó gbóná. Ẹni tó bá jẹ àwọn méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ kan náà kò ní ṣì wọ́n mú. N kò bá Tàǹtí jiyàn. Mo kó ewé dúdú náà tigi-tigi sínú garawa ìdọ̀tí.

*

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun n kò lọ sọ́jà, ẹsẹ̀ mi ti wú. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi láti tún gbọ́ ohùn ìyá mi. N kò ní ìdí mìíràn. Nígbà tí ẹ̀rọ dún kàú lórí ìyàwó onílé, mo jókòó níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo wá yí i padà.

"Ó dáa," ni ohùn ìyá mi wí. "Mo ti kí wọn tán. Ìwọ ni mò ń bá wí báyìí. Ẹfinrin kò fẹ́ òtútù. Bíi tèmi ló rí. Mo gbọ́ pé ẹ ní ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tutù. Má gbé e síbẹ̀. Ohun tó ń gba ẹran là ni yóò pa á. Fi ọ̀bẹ mímú gé ìdí rẹ̀ ní ìdagun, já ewé tó bá máa rì sínú omi, kí o gbé e dúró sínú ife. Kí omi má ju ìka méjì lọ, kí o sì máa pààrọ̀ rẹ̀ láràárọ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn kò dé ni kí o gbé e sí. Èyí tó bá fẹ́ rọ, gún un pẹ̀lú iyọ̀, fi òróró bò ó nínú ìgò, yóò lo oṣù kan. Ṣùgbọ́n ti ọbẹ̀ àkọ́kọ́, tútù ni kí ó jẹ́. Má ṣe fi tinú ìgò se é. Ìyẹn kì í ṣe èmi."

Lẹ́yìn ohùn rẹ̀ mo gbọ́ ohùn ìyá àgbà, tó ń bèèrè omi. Ìyá mi ní, "Mò ń bọ̀, Ìyá." Ó tán síbẹ̀.

Mo padà sílé, mo da garawa ìdọ̀tí náà sílẹ̀ lórí bébà. Mo to igi mẹ́rìnlá náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Mo fi èékánná ha èèpo ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án ti pọ́n nínú. Márùn-ún ṣì ní àwọ̀ ewé lábẹ́ èèpo, ní apá ìsàlẹ̀ tí ó ti le, tí òtútù kò tíì wọ̀ tán. Mo gé ìdí wọn ní ìdagun, mo gbé wọn sínú ife, mo wọn omi náà pẹ̀lú ìka méjì, mo sì gbé e sí orí fèrèsé ilé ìdáná. Ewé kan kò sí lára wọn. Tàǹtí ti ọjà dé, ó bá igi gbígbẹ márùn-ún nínú ife.

"Kí lèyí? Pákò?"

"Ẹfinrin ni, mà."

Kò fi mí ṣẹ̀sín mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí bá a pé ó ti pààrọ̀ omi náà.

*

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e ni a ti fi àdéhùn sí pé mo máa pe ilé. Ìyá mi wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo láàárọ̀, sí ilé ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan tó ní tẹlifóònù, lẹ́yìn tó ti bẹ aládùúgbò kan kí ó jókòó ti ìyá àgbà. Èmi náà tò sórí ìlà ní ilé tẹlifóònù ní Àbíjàn. Nínú ìwé mi, mo kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Ẹ kú ìrìn, mà."

"O kò tíì bí?"

"Rárá, mà."

"Ewé ńkọ́?"

"Ó wà nínú ife, mà. Lórí fèrèsé."

"Omi rẹ̀?"

"Ìka méjì, mà. Àràárọ̀ ni à ń pààrọ̀ rẹ̀."

"O ṣeun. O yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà, nígbà náà."

"Mo yí i, mà."

Ó tún bi mí pé, "Lọ́jọ́ wo?"

Ibẹ̀ ni ìlà já. Mo pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mẹta sí i, kò wọlé. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ti ń wúkọ́.

Gbogbo ohun tí mo sọ fún un ló jẹ́ òótọ́. Mo rò ó bí mo ti ń rìn lọ sílé. Ẹni tó wà lókèèrè kì í sábà purọ́ fún ará ilé; ó kàn ń ṣa èyí tí yóò sọ nínú òtítọ́ ni. Fún ọdún méjì mo ti ń sọ fún ìyá mi pé mò ń tajà, pé oníbàárà fẹ́ràn mi, pé a ní fírígò. N kò sọ fún un pé mo lè lo odindi ọjọ́ láìsọ gbólóhùn kan tó gùn ju iye ìdì pẹ́síìlì lọ, nítorí pé èdè náà kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu mi. N kò sọ pé nígbà mìíràn mo máa ń ka àwọn gbólóhùn inú ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ Masifa jáde lẹ́nu, kí n lè gbọ́ ohùn ara mi. Èyí tí a kò sọ máa ń pọ̀ sí i, bí omi tí a kò pààrọ̀.

*

Àkọsílẹ̀ mi fún àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e kúrú. Ọjọ́ Àìkú: igi méjì ti rà nídìí, mo yọ wọ́n, ó ku mẹ́ta. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún: ní oríkèé igi kẹta, ohun kan tó kéré ju orí ìṣáná lọ, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ewé. Ọjọ́rú: ó ti di méjì, igi kejì náà ti sọ. Ọjọ́ Ẹtì: gbòǹgbò funfun kan, ó gùn tó ẹyọ ìrẹsì. Tàǹtí ń bẹ ife náà wò kí ó tó kírun àárọ̀ àti lẹ́yìn tó bá kírun tán. Ó gbé e kúrò lọ́nà atẹ́gùn lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé e padà. Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀nọjọ́: ewé mẹ́sàn-án, lórí igi mẹ́ta. Èyí tó tóbi jù kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ.

"Mẹ́sàn-án yẹn kò lè yí ọbẹ̀ lójú padà," ni Tàǹtí wí.

"Kò nílò kí ó yí i padà, mà. Kí ó ṣáà wà nínú rẹ̀."

"Kí ọmọ yìí dúró ní ọ̀sẹ̀ kan sí i."

"Ẹ bá a sọ ọ́, mà."

Tàǹtí sì tẹ orí ba lóòótọ́, ó fi ẹnu sún mọ́ ikùn mi. "Ìwọ ará ibẹ̀ yẹn, fara balẹ̀. Ọbẹ̀ kò tíì jinná."

Ọmọ kò gbọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ajé, ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, wọ́n sì gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Mo bí i ní ọ̀sán, obìnrin ni. Nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ níbẹ̀, wọn kì í gba ẹbí láyè kí ó wọlé. Kí wọ́n tó jẹ́ kí Tàǹtí wọlé, ó ti di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó gbé kúlà oúnjẹ kan dání, ó sì ti so gèlè rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi ìkómọ. Ó kọ́kọ́ wo ọmọ, ó ka ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá ṣí kúlà.

Òórùn ẹfinrin kún yàrá náà. Nọ́ọ̀sì kan yí ọrùn padà. Mo tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Ata ni, ó gbóná, ẹfinrin wà nínú rẹ̀, ó sì pọ̀. Kànáfùrù náà wà nínú rẹ̀. N kò rí i kí Tàǹtí fi kànáfùrù sínú ọbẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé rẹ̀. Tíì ni ó máa ń fi í sí. Mo wò ó. Ó ń tún ìborùn ọmọ ṣe.

"Tàǹtí, ẹfinrin wo nìyí?"

"Ìwọ jẹun."

"Ti inú ife ni?"

"Ṣé ó tutù àbí kò tutù?"

"Ó tutù, mà."

"Ta ló fi í ránṣẹ́ sí ọ?"

"Ìyá mi ni."

"Nítorí náà jẹ ẹ́, kí omi lè wá sí ọyàn rẹ."

Mo jẹ ẹ́ tán. Mo lá ṣíbí náà.

Nígbà tí a padà délé ní Ọjọ́rú, mo lọ tààrà sí orí fèrèsé. Igi mẹ́ta náà wà nínú ife, gbòǹgbò wọn ti pọ̀ sí i, kò sì sí ewé kan lára wọn. Ẹnìkan ti já mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, mo rí okùn koríko kan, irú èyí tí àwọn aléwé Àjàmé fi ń di ìdì. Ṣùgbọ́n ilé aléwé ni ilé wa. Irú okùn bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n nílẹ̀ níbẹ̀ láràárọ̀ ayé wa. Mo gbìyànjú láti rántí òórùn ọbẹ̀ náà, bóyá èyí tó ń ta ni nímú wà lábẹ́ èyí tó wúwo. Kànáfùrù ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. N kò lè sọ bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Tàǹtí fi fi í síbẹ̀, tàbí pé ó kàn rò pé ó dára fún abiyamọ, bí àwọn ará Moriténíà ti ń sọ.

Mo gbin igi mẹ́ta náà sínú agolo tòmátò. Méjì yè, wọ́n sì di igbó kékeré lẹ́yìn ilé ní Tireṣífíìlì. Ìyẹn dá mi lójú. Mo fi imú yẹ ẹ́ wò lọ́pọ̀ ìgbà. Ọbẹ̀ tí mo jẹ nígbà tí mo bí ọmọ kejì, láti ibẹ̀ ni ẹfinrin rẹ̀ ti wá, èmi fúnra mi ni mo já a. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ni ìyá mi fi ewé ránṣẹ́ fún.

Tàǹtí kú ní Àbíjàn ní ọdún 1993. Mo bi í ní ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ó tó kú. Ní ìgbà àkọ́kọ́ ó rẹ́rìn-ín, ní ìgbà kejì ó ní kí n lọ wo máńtì kí oòrùn má pa á. Mo padà sí Èjìgbò ní ọdún 1996. Ní ọjọ́ kẹta tí mo dé, bí èmi àti ìyá mi ti jókòó lẹ́yìn ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó ẹfinrin náà, ó bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá mo tọ́ ọ wò ní ọjọ́ náà. Mo ní mo tọ́ ọ wò. Ó mi orí, ó ń bá ẹ̀gúsí tó ń ṣà lọ. Kò bi mí pé lọ́jọ́ wo ni mo yí kásẹ́ẹ̀tì padà.

Ewé mẹ́sàn-án ló kúrò lára igi inú ife. N kò mọ̀ bóyá wọ́n dé inú ọbẹ̀ náà.